Irun tó ń re, irun tó ń já: bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe orí yín kí ẹ tó náwó sí i

Ohun tí mò ń rí ní Abẹ́òkúta níbí kì í yí padà. Irun iwájú obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, á gba ọjà Kútọ̀ lọ, á ra òróró irun. Kò ní ṣiṣẹ́. Á ra òmíràn. Aládùúgbò á ní kó fi omi àlùbọ́sà ra á, á fi ra á títí orí á fi máa ta á. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti lé lọ́dún kan, ibi tó pá ti ń dán, dókítà á wá sọ fún un pé gbòǹgbò irun ibẹ̀ ti kú. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí ká ní ó ti mọ ohun tó ń bá jà láti oṣù àkọ́kọ́ ni, irun yẹn ì bá padà.

Irun abiyamọ tó ń re lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó bímọ, irun ọmọ ilé-ìwé tó pá róbótó lẹ́yìn tó lọ gẹrun, irun iwájú ẹni tí irun dídì kì í kúrò lórí rẹ̀: ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tò, kí ẹ má sì ra nǹkan kan títí ẹ ó fi parí ìkarùn-ún.

Ohun tí ẹ máa nílò

Digí méjì, fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, òòyà onírù, táwẹ̀lì funfun kan, ìwé àti bírò. Ẹ wá ẹnì kan nínú ilé tó lè bá yín wo àtàrí, torí ojú ẹni kì í dé ibẹ̀. Ẹ tún kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò jọ sórí tábìlì: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìfètòsọ́mọbíbí, fítámì, àgbo, ìpara. Dókítà máa bi yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tú irun, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò

Ẹ tú gbogbo irun dídì tàbí wíífọ̀n tó wà lórí. Ẹ fi ṣáńpù fọ orí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ má sì fi ìpara kankan sí i títí di ọjọ́ kejì. Ìpara máa ń bo èépá mọ́lẹ̀, ó sì máa ń mú awọ orí dán. Bóyá awọ orí yín ń dán fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù tí a fẹ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ojúmọmọ. Ẹ ya iwájú orí, ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì, àtàrí àti ìpàkọ́. Ẹ fi ìrù òòyà la irun láàárín, ẹ ya ojú ìlà yẹn pẹ̀lú. Ẹ kọ déètì sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ya fọ́tò yìí lálẹ́ lábẹ́ iná. Iná òkè máa ń mú kí orí ẹnikẹ́ni dà bí orí tó ti pá, ẹ̀rù á kàn bà yín lásán ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fẹ fọ́tò náà lórí fóònù. Bí ẹ bá rí awọ orí àti ìdí irun kedere, ẹ máa lọ. Bí kò bá hàn, ẹ tún un yà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé ó ń re ni àbí ó ń já?

Orí tí kò ní àrùn kankan máa ń ju irun 50 sí 100 sílẹ̀ lójúmọ́. Nítorí náà, irun nínú òòyà nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó sì máa ń da ọkàn àwọn obìnrin rú jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá tú irun. Bí irun dídì bá ti wà lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo irun tó re láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò rí ọ̀nà jáde, inú dídì ló há sí. Irun tó lé ní 2,000 lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àyà yín má já.

Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì funfun sí èjìká. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì mú irun díẹ̀ nídìí, bí i ẹyọ 60, kí ẹ rọra fà á bọ̀ títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ ṣe é níwájú, ní àtàrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti ní ìpàkọ́. Bí èyí tó ń tẹ̀ lé yín lọ́wọ́ bá ju mẹ́fà lọ níbi púpọ̀, irun ń re ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn ẹyọ tó bọ́ sórí táwẹ̀lì, ẹ wo ìdí wọn lójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ní kókó funfun bíńtín nídìí, tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, láti inú awọ ló ti re. Èyí tí kò ní i, tó kúrú, tí ẹnu rẹ̀ rí jákujàku, ńṣe ló já lójú ọ̀nà. Irun tó ń já kò le láti tọ́jú: gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè. Ẹ dá rìlásà àti iná tí wọ́n fi ń na irun dúró, ẹ gé ṣóńṣó tó ti bàjẹ́ kúrò, ẹ má ya irun nígbà tó gbẹ táútáú, ẹ fi òrí tàbí àdí àgbọn rọ ara irun. Irun ń hù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, ẹ fún un láyè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kí ẹ ti lè kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé yín báyìí: "ó ń re" tàbí "ó ń já". Méjèèjì lè wà pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ti pá láìsí pé irun ń bọ́, ìgbésẹ̀ tó kàn máa ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibo ló ti lọ, báwo sì ni awọ ibẹ̀ ṣe rí?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kánjú.

Iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí. Bí ẹ bá ń di irun tó le, tí ẹ ń rán wíífọ̀n, tí ẹ ń fi gọ́ọ̀mù lẹ wíìgì mọ́ iwájú, tàbí tí gèlè yín máa ń fún orí ní gbogbo Sátidé, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ sún mọ́ digí. Ẹ ó sábà rí irun wẹ́wẹ́, tín-ín-rín, tó ṣì dúró ní etí iwájú gan-an, lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tó pá wà, kí irun tó nípọn tó bẹ̀rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ yẹn kúrú jù fún onídìrí láti mú, ìdí nìyẹn tó fi ṣẹ́ kù. Bó bá wà níbẹ̀, fífà ni olórí ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fura sí. Nígbà mìíràn ẹ ó tún rí kókó pínpín tó ń dun ni ní ìdí dídì kọ̀ọ̀kan, tí òmíràn ní ọyún lórí. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Bí awọ ibẹ̀ bá ṣì ní ihò irun kéékèèké, irun á padà bí ẹ bá dá fífà dúró. Bí ibẹ̀ bá ti dán, tí ihò irun kò hàn mọ́, ẹ má fi oṣù kankan ṣòfò nílé.

Àtàrí obìnrin. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun ni wọ́n máa ń fi falẹ̀ jù. Àrùn kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí tó sì ń tàn káàkiri bí òrùka, àwa obìnrin adúláwọ̀ ló sì ń bá jà jù. CCCA ni àwọn dókítà ń pè é. Ó lè yún, ó lè ta, ó lè dun ni bí ọwọ́ bá kàn án. Lára àwọn mìíràn kò ní dun rárá. Àpá ló ń fi sílẹ̀, ibi tó bá ti di àpá kò ní hu irun mọ́. Iṣẹ́ dókítà ni láti dá a dúró kó tó fẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí àtàrí bá kàn ń fọ́nká díẹ̀díẹ̀, tí ìlà àárín orí ń fẹ̀, tí awọ rẹ̀ kò yún tí kò sì dán, ó lè jẹ́ èyí tó ń bá ìran wá.

Róbótó, awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò ní èépá. Ọ̀pọ̀ ló máa jí lówùúrọ̀, á rí i, á ní wọ́n gé irun òun lóru. Àrùn ni, alopecia areata ni orúkọ rẹ̀: àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń bá gbòǹgbò irun jà. Kì í ràn. Ẹ wo èékánná náà: bó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí i pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ó bá a mu.

Orí ọmọdé tó ní èépá. Bí orí ọmọ bá pá níbì kan, tí èépá wà níbẹ̀, tí irun sì já wálẹ̀ tó fi ku tótòtó dúdú, làpálàpá orí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kílípà, òòyà àti fìlà tí wọ́n ń yá ara wọn ló ń gbé e kiri. Bó bá wú, tó rọ̀, tó ń ṣọyún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á o. Ọsibítù ni.

Ọkùnrin. Bó bá ń fà sẹ́yìn ní igun iwájú méjèèjì tàbí tó ń pá ní àtàrí, ìran ló sábà ń fà á, ó sì lè wá láti ìdílé bàbá tàbí ti ìyá. Fìlà kọ́ ló fa á. Kókó líle ní ìpàkọ́ lẹ́yìn gígẹ irun jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ní kí báábà má fi kílípà fá ibẹ̀ mọ́ awọ mọ́, kí ẹ sì fi han dókítà kó tó burú sí i.

Gbogbo orí lápapọ̀. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní kí ẹlòmíràn wo fọ́tò yín kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rò. Bí ohun tó rí bá bá tiyín mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ máa ṣe bí ẹni tí kò tíì mọ̀, kí dókítà wò ó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn

Irun kì í re lọ́jọ́ tí wàhálà dé. Nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń bọ́, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń dá ṣáńpù tó rà lánàá lẹ́bi. Ẹ padà sẹ́yìn nínú ọdún yín: ṣé ẹ bímọ? Ṣé ibà ńlá tàbí táífọ́ọ̀dù dá yín dùbúlẹ̀? Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín? Ṣé ẹ fi ebi pa ara yín kí ẹ lè fọn? Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín? Ṣé ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, tàbí ẹ dá ti ìfètòsọ́mọbíbí dúró?

Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, tí irun ń re káàkiri orí, tí awọ orí kò sì ṣe nǹkan kan, ó sábà máa ń dúró fúnra rẹ̀, orí á sì tún kún bíi ti tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ti abiyamọ sábà máa ń padà bọ̀ sípò kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ọmú tí ọmọ ń mu kọ́ ló ń mú irun re; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí irun já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Bí kò bá sí ìkankan, ẹ wo ara yín: ṣé ó ń rẹ̀ yín ju ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ ń mí hẹlẹ bí ẹ bá gun òkè díẹ̀? Ṣé nǹkan oṣù yín pọ̀ jù? Ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Ṣé ọrùn ń wú, ṣé òtútù ń mú yín nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, ṣé ẹ ń sanra tàbí ẹ ń rù láìnídìí? Ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń jẹ́ thyroid lè máa ṣiṣẹ́ ségesège.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilé tàbí ọsibítù?

Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí gan-an bí ibi tó pá bá ń dán, bó bá ń ṣọyún, bí àtàrí bá ń ta tàbí tó ń dun ni, bó bá jẹ́ orí ọmọdé, tàbí bí irun ojú àti irun ìpéǹpéjú náà bá ń lọ. Ní Abẹ́òkúta, FMC (ọsibítù ìjọba àpapọ̀) wà ní Ìdí-Àbà, State Hospital wà ní Ìjàyè. Ibi tí dókítà ti ń rí gbogbo aláìsàn ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí dókítà awọ ara fún yín. Ẹ tú irun kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi gèlè fífẹ́ bo orí. Dókítà kò lè wo abẹ́ wíífọ̀n.

Ẹ béèrè bóyá ẹ nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, èròjà irin tí ara tò pamọ́ (ferritin), àti thyroid. Dókítà lè fi ti syphilis, àrùn tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, kún un, torí ó lè mú kí irun pá jálajàla. Kí ojú má tì yín.

Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá ń lo biotin, ìyẹn fítámì tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń da èsì àyẹ̀wò thyroid rú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣaláìní biotin kì í sì rí èrè gidi nínú rẹ̀. Fítámì A tó pọ̀ jù tilẹ̀ máa ń mú irun re.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìtọ́jú

Irun tí fífà mú lọ. Oògùn àkọ́kọ́ ni kí fífà dúró, kò sí òróró tó lè ṣiṣẹ́ lórí irun tí wọ́n ṣì ń fà. Mo mọ bó ṣe ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ ó jókòó, ẹ ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fa iwájú. Ẹ fi àwọn wẹ́wẹ́ yìí sílẹ̀." Òun á ní, "Bí mi ò bá fà á, kò ní pẹ́ lórí yín o." Ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó tètè tú." Ẹ sọ ọ́ kó tó mú òòyà, torí bó bá ti di ìlà mẹ́ta, ó ti ṣòro fún un láti padà sẹ́yìn. Ẹ ní kó di í nípọn díẹ̀, kó má fi ataṣímẹ́ǹtì tó wúwo sí i, kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn irun etí iwájú. Ẹ má dì í lọ́jọ́ kan náà tí ẹ lo rìlásà. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kí dídì má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lórí, kí orí sì sinmi kí ẹ tó di òmíràn. Irun kíkó tí kò le, kọ̀lẹ́sẹ̀ tó rọ̀, tàbí irun gígẹ wálẹ̀, gbogbo wọn dára.

Ẹ ṣọ́ra: irun tó bá ń dun yín débi tí ẹ fi ń wá Panadol kí ẹ tó lè sùn ti le jù. Wọ́n á ní ó máa rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ tú u lálẹ́ yẹn. Owó tí ẹ san dun ni, mo mọ̀, àmọ́ ẹ tú u.

Minoxidil. Òun ni oògùn fífi sórí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù fún irun tí ìran ń mú lọ, dókítà sì lè fún ẹni tí fífà ṣe. Ọkùnrin ń lo ti 5%. Obìnrin lè lo ti 2% olómi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tàbí fóòmù 5% lẹ́ẹ̀kan. Awọ orí tó gbẹ ni wọ́n ń fi í sí, ara irun kọ́; ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì fọ orí láàárín wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ má lò ó. Bí ẹ bá ní àrùn ọkàn, ẹ bi dókítà kọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, irun lè máa re ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Irun àtijọ́ ló ń ya fún tuntun. Ó tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Fún irun tí ìran ń mú lọ, bí ẹ bá dá a dúró, ohun tó mú wá máa padà lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Finasteride wà fún àwọn ọkùnrin tí ìran ń mú irun wọn lọ, dókítà ló ń kọ ọ́. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù lára àwọn kan, kí aboyún má sì fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́.

Làpálàpá orí. Ìpara nìkan kò lè wò ó, torí inú ihò irun ni àrùn náà wà. Oògùn mímu ni, griseofulvin tàbí terbinafine, bí ọmọ bá ṣe wúwo sí ni dókítà fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí oúnjẹ tó ní ọ̀rá bá griseofulvin wọlé. Kí ọmọ lò ó tán bí irun tilẹ̀ ti ń yọ. Ẹ yẹ orí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wò, kí oníkálukú ní òòyà tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: àwọn ìpara àdàlú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún gbogbo ohun tó bá ń yún sábà máa ń ní steroid, ìyẹn oògùn tó ń mú wíwú àti yíyún awọ rọlẹ̀. Ó máa mú yíyún lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, làpálàpá á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Tó rí róbótó. Dókítà awọ lè gún abẹ́rẹ́ steroid wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jẹ́ ojú kan tàbí méjì, irun máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan, ó sì lè funfun kó tó dúdú.

Tí ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Nídìí oúnjẹ, láfún àti ewédú nìkan kò lè gbé e: ẹ fi ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà kún un, kí ẹ mu ọsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ tàbí mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, torí ó ń dí èròjà irin lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ má wo digí lójoojúmọ́ fún èyí, kò ní sọ òótọ́ fún yín. Lóṣù kẹta, ẹ jókòó síbi tí ẹ jókòó sí nígbà àkọ́kọ́, ní àkókò kan náà, ẹ ya àwọn fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irun tín-ín-rín tó ń yọ ní etí ibi tó pá jẹ́ àmì rere. Kí kókó àti dídùn lọ tún jẹ́ àmì rere, bí irun kò tilẹ̀ tíì yọ. Ẹ tún un yà lóṣù kẹfà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan nígbà yẹn, ẹ mú fọ́tò méjèèjì padà tọ dókítà lọ. Ó lè gé awọ bíńtín láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Àmọ́ bí ibi tó ń dán bá fẹ̀ sí i nígbàkigbà láàárín oṣù mẹ́fà yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ náà.